Ìdí Tí Àròkọ Kan Ṣoṣo Fi Ń Gba Oríṣiríṣi Máàkì

Ohun tí ó mú kí yíyẹ àròkọ wò ṣòro fún olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ju yíyẹ ìṣirò wò lọ ni pé kò sí ìdáhùn kan pàtó tí ó lè gbé sí ẹ̀gbẹ́ ìwé akẹ́kọ̀ọ́ láti fi wọ̀n ọ́n, nítorí náà ohun tí ojú òun fúnra rẹ̀ bá ń wá ni yóò máa darí bírò pupa ọwọ́ rẹ̀.

Ìwádìí tí Paul Diederich, John French àti Sydell Carlton ṣe fún Educational Testing Service, ilé-iṣẹ́ ìdánwò ńlá kan ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní ọdún 1961, fìdí èyí múlẹ̀. Wọ́n kó àròkọ 300 tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìn-ín-ní ní yunifásítì kọ fún òǹkàwé 53, tí olùkọ́, olóòtú ìwé, amòfin àti ọ̀gá ilé-iṣẹ́ wà lára wọn, wọ́n sì ní kí oníkálukú pín wọn sí ìpele mẹ́sàn-án bí ó bá ṣe rí wọn sí, láìfún un ní ìlànà kankan. Àròkọ 101 ni ó gba gbogbo ìpele mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, débi pé ìwé tí ẹnì kan kà sí èyí tí ó burú jù ni ẹlòmíràn gbé sí ipò kìn-ín-ní. Àìbìkítà kọ́ ni ó fa ìyapa náà. Nígbà tí àwọn olùwádìí tú àwọn máàkì náà sí wẹ́wẹ́, wọ́n rí i pé àwọn òǹkàwé pín sí ìsọ̀rí márùn-ún: àwọn kan ń wo èrò, àwọn kan ń wo bí a ṣe tò ó, àwọn kan ń wo gírámà àti sípẹ́lì, àwọn kan ń wo ọ̀rọ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ ṣà lò, àwọn yòókù sì ń wá adùn àti ohùn òǹkọ̀wé.

Ìlànà máàkì, ìyẹn àdéhùn tí ó sọ iye tí apá kọ̀ọ̀kan tó kí ẹnikẹ́ni tó gbé bírò, ni ìdánwò ńláńlá fi ń dí àlàfo yìí. Nínú àròkọ èdè Gẹ̀ẹ́sì ti WAEC, tí ó gba máàkì 50, àkóónú ní 10, ìṣètò ní 10, ìlò èdè ní 20, ìpéye gírámà àti sípẹ́lì sì ní 10, tí ìdajì máàkì ń kúrò nínú rẹ̀ fún àṣìṣe kọ̀ọ̀kan títí yóò fi tán. Ìlànà yìí ń mú kí àwọn olùdánwò fohùn ṣọ̀kan dé àyè kan, ṣùgbọ́n ẹrù kò fúyẹ́ fún olùkọ́ tí ó gbé e wọ kíláàsì, tí ó ń fi òrùka yí gbogbo àṣìṣe ká bí ẹni pé ìdánwò àṣekágbá ni iṣẹ́ àṣetiléwá. Bí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ bá jẹ́ 60, tí àròkọ kọ̀ọ̀kan sì gba ìṣẹ́jú 10, wákàtí 10 gbáko ni yóò fi jókòó ti iṣẹ́ kan ṣoṣo kí ó tó kan kíláàsì kejì. Àwọn tí ń bu ẹnu àtẹ́ lu olùkọ́ tí kì í fún ni ní àròkọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ní sáà kì í sábà ṣe ìṣirò yìí.

Richard Haswell, olùkọ́ yunifásítì ní Amẹ́ríkà, dábàá ní ọdún 1983 pé kí olùkọ́ má ṣe tún àṣìṣe gírámà tàbí sípẹ́lì kọ, kí ó kàn fa àmì kékeré sí etí ìlà tí àṣìṣe bá wà, kí ó sì dá ìwé padà fún akẹ́kọ̀ọ́ láti wá a rí, kí ó tún un ṣe, kí máàkì tó wọ inú ìwé àkọsílẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ fúnra wọn tún èyí tí ó ju ìdajì àṣìṣe náà ṣe, èyí tí ó fi hàn pé ìwàǹwára ni ó bí ọ̀pọ̀ nínú wọn, kì í ṣe àìmọ̀. Àkókò tí olùkọ́ bá ti ibẹ̀ rí ni yóò fi kọ ọ̀rọ̀ gidi nípa èrò àti ètò àròkọ, tí akẹ́kọ̀ọ́ kò lè tètè dá rí. Ọgbọ́n yìí kò lè wọ inú ìdánwò WAEC, nítorí pé ẹni tí ó kọ àròkọ níbẹ̀ kì í rí ìwé rẹ̀ gbà padà.