DSS: Ìbéèrè tó yẹ ká máa bi wọ́n

Ní Ìperu níbí, ọ̀rọ̀ DSS kì í tán lẹ́nu àwọn èèyàn, kò sì yà mí lẹ́nu. Ọmọ ìlú wa ni Gómìnà Dàpọ̀ Abíọ́dún, DSS ló sì ń ṣọ́ ààrẹ àtàwọn gómìnà. Bí gómìnà bá wálé báyìí, àwọn oníkóòtù dúdú tó ń tẹ̀ lé e làwọn ọ̀dọ́ máa ń wò ju gómìnà fúnra rẹ̀ lọ.

Torí pé mo ka ìwé òfin, èmi ni wọ́n máa ń bi. Ṣé lóòótọ́ ni pé ìyàwó wọn kì í mọ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe? Eélòó ni wọ́n ń gbà lóṣù? Ta lèèyàn máa mọ̀ kó tó ríṣẹ́ síbẹ̀? Ṣé bàbá tó ń ta bisikíìtì níkòríta yẹn kì í ṣe ọ̀kan nínú wọn?

Àwọn ìbéèrè yìí dùn ún bi, àmọ́ kò sí èyí tó máa gba ọmọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ lóru ọjọ́ tí wọ́n bá wá kan ilẹ̀kùn.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Kò sẹ́ni tó máa ní kí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ máa kéde ẹni tó ń ṣọ́. Àwa Rẹ́mọ gan-an mọ awo. Òṣùgbó ti wà látayé àwọn baba wa, ọ̀gbẹ̀rì kì í sì í wọ ilédì. Síbẹ̀, gbogbo ìlú ló mọ ibi tí ilédì wà, wọ́n mọ Olúwo, wọ́n mọ Apènà. Ohun tí wọ́n ń sọ nínú ilé ni awo, ilé fúnra rẹ̀ kì í ṣe awo.

DSS náà, òfin ló bí i. Lẹ́yìn tí wọ́n pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed lóṣù kejì ọdún 1976, ìjọba Ọbásanjọ́ dá àjọ NSO sílẹ̀ lọ́dún yẹn kan náà. Lọ́dún 1986, Babangida pín NSO sí mẹ́ta: NIA fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, DIA fún ti ológun, SSS fún abẹ́lé. SSS yìí là ń pè ní DSS lónìí. Iṣẹ́ tí òfin gbé lé e lọ́wọ́ ni kó máa dènà ìwà ọ̀daràn tó lè ba ààbò abẹ́lé jẹ́, kó máa tú u fó, kó sì máa tọ́jú àwọn àṣírí ìjọba tí kì í ṣe ti ológun. Kò síbi tí òfin yẹn ti ní kí wọ́n máa bá èèyàn gba gbèsè tàbí kí wọ́n máa parí ìjà ilẹ̀.

Ìkẹ́nnẹ́ ò jìnnà sí wa, ọ̀kadà ń gbé èèyàn débẹ̀ kí omi tó hó. Ìlú yẹn ti rí ojú méjèèjì agbára yìí. Lọ́dún 1984, ìjọba ológun Buhari mú Tai Solarin, olùkọ́ tó dá Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́, wọ́n sì tì í mọ́lé fún ohun tó lé lọ́dún kan. Òfin Decree 2 ni wọ́n lò. Òfin yẹn gbà wọ́n láyè láti ti èèyàn mọ́lé láì gbé e dé kóòtù, kóòtù ò sì gbọdọ̀ bi wọ́n léèrè.

Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ náà ni Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò. Ní ọjọ́ keje oṣù kẹjọ ọdún 2018, nígbà tó ń delé fún ààrẹ, àwọn DSS tó bojú lọ dí ẹnu ọ̀nà ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin l'Ábùjá. Kílẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ náà, ó ti yọ ọ̀gá wọn, Lawal Daura, nípò.

Inú wa dùn nígbà náà. Àmọ́ ojúmọmọ ni tiyẹn ṣẹlẹ̀, níwájú kámẹ́rà. Èyí tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ògiri ńkọ́? Lọ́wọ́ DSS yìí kan náà ni Sambo Dasuki wà lásìkò yẹn. Láti ìparí ọdún 2015 ni wọ́n ti dá a dúró, kóòtù fún un ní béèlì lọ́pọ̀ ìgbà, ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kejìlá ọdún 2019 ló tó rí ìta. Ẹni tó ti jẹ́ olùdámọ̀ràn ààrẹ lórí ààbò nìyẹn o. Bí wọ́n bá ṣe ìyẹn fún igi tútù, kí ni ká sọ nípa gbígbẹ?

Àwọn òyìnbó náà ṣe irú ẹ̀. Láti ọdún 1909 ni MI5 ti wà ní ìlú ọba, àfìgbà tó di 1989 kí òfin tó sọ̀rọ̀ rẹ̀, tó fi di 1991 kí wọ́n tó kéde Stella Rimington fún aráyé pé òun lọ̀gá ibẹ̀ tuntun. Ìlú ọba ò tìtorí ẹ̀ tú.

Ohun tó wà nínú òfin wa nìyí. Abala 35 ìwé òfin Nàìjíríà ọdún 1999 ní ẹni tí wọ́n bá mú lè panu mọ́ títí tó fi máa rí lọ́ọ́yà rẹ̀. Kí wákàtí mẹ́rìnlélógún tó pé, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ìdí tí wọ́n fi mú un sílẹ̀ fún un ní èdè tó gbọ́. Tó bá jẹ́ Yorùbá ló gbọ́, Yorùbá ni. Bí kóòtù tó lè gbọ́ ẹjọ́ náà bá wà láàárín ogójì kìlómítà, ọjọ́ kan ni wọ́n ní láti gbé e débẹ̀. Ìperu sí Ṣágámù ò tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀sùn tó la ikú lọ nìkan ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ lórí gbèdéke ọjọ́ yìí. Ẹni tí wọ́n bá sì tì mọ́lé lọ́nà àìtọ́, owó ìtánràn àti àforíjì ní gbangba tọ́ sí i.

Òfin ACJA ti ọdún 2015 tún fi kún un: wọn ò gbọdọ̀ mú ìyá dípò ọmọ. Ó sì ní kí adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga máa wọ ibi táwọn àjọ ìjọba àpapọ̀ ń ti èèyàn mọ́, kó fojú ara rẹ̀ rí ẹni tó wà níbẹ̀.

Nítorí náà, ẹ fi owó oṣù wọn sílẹ̀. Lọ́jọ́ táwọn aṣòfin wa bá tún wá tọrọ ìbò lójúde yín, ẹ bi wọ́n: adájọ́ wo ló wọ àtìmọ́lé DSS kẹ́yìn, ọjọ́ wo ni, èèyàn mélòó ló bá níbẹ̀?