Kí Ló Dé Tí Ọkọ̀ Ojú Irin Wa Fi Há Sínú Páìpù? Ìṣirò Tó Wà Nínú Kíkọ́ Rélùwéè Abẹ́ Ilẹ̀ Sórí Tábìlì

Bí ẹ bá ti wọ bọ́ọ̀sì láti Èkó lọ sí Benin rí, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ ti dúró ní Ore. Ibẹ̀ ni dírẹ́bà ti máa ń ní kí kálukú sọ̀kalẹ̀ lọ jẹun, kó tètè padà. Bọ́ọ̀sì, tírélà, ọkọ̀ tó kó gẹdú, ọ̀kadà, gbogbo ẹ̀ ló kún títì. Ohun kan tí ẹ ò ní rí níbẹ̀ ni ọkọ̀ ojú irin. Kò sí irin rélùwéè ní Ore, kò sì sí ní Odigbo. Ìdí nìyẹn tí ẹnu fi ya màmá wa nígbà tí èmi àti àbúrò mi gbé tábìlì sí pálọ̀, tá a ní ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ìlú London la fẹ́ kọ́ sórí ẹ̀.

Kì í ṣe ti gidi o! Ẹ̀dà kékeré ni. Àǹtí wa kan tó ń gbé ní London ló fi ránṣẹ́: ọkọ̀ kan tí ẹlòmíì ti lò tẹ́lẹ̀, irin díẹ̀, àti ẹ̀rọ ìdarí tó ń fún un níná. Àbúrò mi fẹ́ gbé e lọ síbi àfihàn sáyẹ́ǹsì ilé ìwé rẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Lálẹ́ Ọjọ́rú, ọkọ̀ náà wọnú ihò tá a ṣe fún un, ó sì há síbẹ̀. A tì í, kò lọ. A fà á, táyà irin ẹ̀yìn yọ kúrò lójú irin. Ọmọ náà fẹ́ sunkún. Ohun tá a kọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Àwọn wo ló ń ṣe irú nǹkan yìí?

Ẹ má rò pé ọmọdé nìkan ló ń fi ọkọ̀ ojú irin kékeré ṣeré. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Jámánì, Japan àti Amẹ́ríkà, àgbàlagbà ń kó o jọ bí àwọn kan ṣe ń kó owó ẹyọ àtijọ́ jọ. Àwọn kan nínú wọn ò sì fẹ́ ọkọ̀ míì àyàfi èyí tó ń rìn lábẹ́ ìlú. London ni irú rélùwéè bẹ́ẹ̀ ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ lágbàáyé, ní ọjọ́ 10 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1863, láti Paddington dé Farringdon. Èédú ló ń wa ọkọ̀ ìgbà yẹn, ẹ wo bí èéfín á ṣe pọ̀ tó nínú ihò! Ọdún 1890 ni wọ́n ṣí èyí tó ń lo iná mànàmáná nínú ihò jíjìn. Tokyo bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀ ní 1927. Nílẹ̀ Áfíríkà, Cairo ló ṣíwájú ní 1987, Algiers sì tẹ̀ lé e ní 2011.

Ilé iṣẹ́ bíi Hornby àti Bachmann ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti Kato ní Japan, ló ń ṣe ọkọ̀ kékeré wọ̀nyí. Àwọn tó ń kó o jọ lè sọ fún yín pé ọkọ̀ báyìí, ọdún báyìí ni wọ́n ṣe ti gidi rẹ̀, iye ilẹ̀kùn tó ní nìyí, àwọ̀ rẹ̀ nìyí. Èyí tí àǹtí wa fi ránṣẹ́ jẹ́ ẹ̀dà ọkọ̀ pupa tí wọ́n ń pè ní ti 1938, nítorí ọdún yẹn ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ìdá kan nínú mẹ́rìndínlọ́gọ́rin

Ẹ ó rí i lára páálí irú ọkọ̀ yìí: 1:76. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ohunkóhun tó bá gùn ní mítà 76 láyé gidi máa gùn ní mítà kan ṣoṣo lórí tábìlì. Ọkọ̀ 1938 gidi gùn tó mítà 16, ó fẹ̀ tó mítà 2.6. Ẹ pín in sí 76: tiwa gùn ní sẹ̀ǹtímítà 21, ó sì fẹ̀ ní mìlímítà 34. Ó rọrùn.

Ṣùgbọ́n ẹ̀tàn kékeré kan wà níbẹ̀. Àlàfo tó wà láàárín irin méjèèjì ní London jẹ́ mìlímítà 1,435. Lórí tábìlì, mìlímítà 16.5 ni. Ẹ sọ 16.5 di ìlọ́po 76, ẹ ó rí 1,254. Ó dín! Kí ló fà á? Irin 16.5 yẹn, ìwọ̀n 1:87 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún. Ọkọ̀ ojú irin àwọn Gẹ̀ẹ́sì ò tóbi tó ti àwọn ará Yúróòpù yòókù, nígbà tí wọ́n sì dín in kù sí 1:87, ẹ́ńjìnnì kékeré ayé ìgbà yẹn ò gbà sínú rẹ̀. Wọ́n wá fẹ ara ọkọ̀ sí i, wọ́n ò fọwọ́ kan irin. Títí dòní, ọkọ̀ ńlá lórí ẹsẹ̀ tó-ún-tó-ún ni wọ́n ń tà.

Èyí tó dùn mọ́ mi nínú jù nìyí: rélùwéè àtijọ́ ti Nàìjíríà, èyí tó ti Èkó dé Ìbàdàn láti 1901, ìbú irin rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 1,067. Ẹ pín in sí 16.5, ẹ ó rí bíi 64 àti díẹ̀. 1:64 sì rèé, ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ mọ́tò ìṣeré kéékèèké tí ọmọdé ń rà lọ́jà sún mọ́ nìyẹn! Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ibùdó ọkọ̀ Ebute Metta tàbí Abẹ́òkúta sórí tábìlì lè lo irin kan náà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń lò, kó sì to mọ́tò ìṣeré sí ẹ̀gbẹ́ títì, gbogbo ẹ̀ á sì bára mu ju ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì gan-an lọ. Tí ẹ bá sì fẹ́ wo bí ti gidi ṣe rí, Jaekel House tí wọ́n kọ́ ní 1898 wà ní Ebute Metta, ilé àkójọ ohun ìtàn rélùwéè ló wà níbẹ̀ báyìí.

Bí ọkọ̀ ṣe há

Ẹ jẹ́ ká padà sí Ọjọ́rú. Ihò jíjìn ti London rí róbótó, ó sì fẹ̀ tó mítà 3.56 nínú ní ibi tó pọ̀ jù. Ẹ pín in sí 76, ẹ ó rí mìlímítà 47. Mo ronú, mo ní, “Háà, páìpù 2 ínṣì tí àwọn púlọ́ńbà ń lò mà ni!” Ínṣì méjì jẹ́ mìlímítà 51, ó kàn fi díẹ̀ ju ti gidi lọ. A ra páìpù, a gé e ní wẹ́wẹ́, a sì fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ra wọn kó lè yí kọ́nà. Níbi tí irin ti lọ tààrà, ọkọ̀ gba inú ẹ̀ kọjá geere. Ní kọ́nà ló há.

Mo rò pé gọ́ọ̀mù ló yọ sínú. Kì í ṣe òun. Ẹ mú rúlà kan, ẹ gbé e sórí etí abọ́ róbótó kan. Orí rúlà méjèèjì á yọ síta, ikùn rẹ̀ á sì wọnú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọkọ̀ ojú irin ṣe ń ṣe ní kọ́nà, torí pé irin tẹ̀, ọkọ̀ ò tẹ̀. Iye tí ikùn fi ń wọnú ṣeé ṣírò. Ẹ wọn àlàfo láàárín táyà irin iwájú àti ti ẹ̀yìn. Tiwa jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 14. Ẹ wọn láti àárín róbótó dé ojú irin. Tiwa jẹ́ 43.8. Ẹ sọ 14 di ìlọ́po ara rẹ̀, ẹ wá fi ìlọ́po mẹ́jọ 43.8 pín in:

14 × 14 ÷ (8 × 43.8) = 0.56

Ìyẹn ni pé ikùn ọkọ̀ wọnú ní mìlímítà 5.6. Fún orí àti ìdí ọkọ̀, ẹ lo gígùn ọkọ̀ lódindi:

(21 × 21 − 14 × 14) ÷ (8 × 43.8) = 0.70

Orí ọkọ̀ yọ síta ní mìlímítà 7. Ní àárín páìpù, àyè tó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan ò ju 8.5 lọ, lápá òkè tí páìpù ti ń pa dé, kò tó bẹ́ẹ̀ rárá. Òrùlé ọkọ̀ wa ló ń ha páìpù.

Kí ló dé tí ti gidi kì í há nígbà náà? Nítorí pé kọ́nà tiwa le jù. Sẹ̀ǹtímítà 43.8 lọ́nà 76 jẹ́ mítà 33 péré. Kò sẹ́ni tó máa kọ́ irú kọ́nà bẹ́ẹ̀ fún ọkọ̀ elérò, ṣùgbọ́n tábìlì wa ò gba jù bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀ ti gidi náà ń jìyà ìṣirò yìí. Ibùdó Bank ní London, lójú ọ̀nà Central, pèpéle ibẹ̀ tẹ̀ bí ọ̀bẹ́ akọ́pẹ. Ọkọ̀ tààrà ló ń dúró sí ẹ̀gbẹ́ pèpéle tó tẹ̀, nítorí náà àlàfo máa ń ṣẹ́ kù láàárín ilẹ̀kùn àti pèpéle, wọ́n sì máa ń fi ohùn kìlọ̀ fún èrò kí wọ́n má bàa ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Àlàfo yẹn ló ń bá wa jà nínú páìpù.

Lọ́jọ́bọ̀, a yọ páìpù 2 ínṣì kúrò ní kọ́nà, a fi ti 4 ínṣì rọ́pò rẹ̀. A fi 2 ínṣì sílẹ̀ lẹ́nu ihò níbi tí irin ti lọ tààrà. Ẹnu ihò nìkan làwọn èèyàn ń rí. Páálí Indomie la fi bo ìyókù, a da lẹ́búlẹ́bú pákó lé e. Ní Ore tí wọ́n ti ń la gẹdú láti òwúrọ̀ dalẹ́, ta ló máa ra lẹ́búlẹ́bú pákó? Ẹ pò ó mọ́ aró aláwọ̀ ewé, ẹ sá a gbẹ, koríko dé nìyẹn. Àwọn òyìnbó náà ti ń lò ó tipẹ́.

Ọkọ̀ tó wúwo tó ẹyin kan

Lẹ́yìn tí ọkọ̀ ò há mọ́, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ta gìdì-gìdì. Ẹ̀yí náà ní ìdí. Ẹ mú ṣúgà onígun mẹ́jọ, ẹ tò ó pọ̀ kó di ṣúgà ńlá kan. Gígùn rẹ̀ di ìlọ́po 2, ṣùgbọ́n ìwúwo rẹ̀ di ìlọ́po 8. Tí ẹ bá ń dín nǹkan kù, ẹ̀yìn lẹ ó máa ka á sí: gígùn pín sí 76, ìwúwo pín sí 76 × 76 × 76, tí í ṣe 438,976. Ká ní ọkọ̀ gidi kan wúwo tó tọ́ọ̀nù 27. Ẹ̀dà rẹ̀ á wúwo ní bíi gíráàmù 61, ìyẹn ẹyin adìẹ kan! Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ò lè tẹ irin mọ́lẹ̀ dáadáa, ìdọ̀tí díẹ̀ ti tó láti dí iná lọ́wọ́. Nítorí náà ni wọ́n ṣe máa ń fi irin kún inú wọn. Àwa náà lẹ nọ́ọ̀tì mẹ́ta mọ́ inú tiwa, a sì fi ẹ̀mú kan nu ojú irin. Ó lọ.

Ti eré sísá náà ńkọ́? Kìlómítà 60 ní wákàtí kan, tẹ́ ẹ bá pín in sí 76, sẹ̀ǹtímítà 22 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni. Ó lọ́ra ju bí àbúrò mi ṣe fẹ́ lọ, àmọ́ bí ọkọ̀ gidi ṣe ń rí lójú nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ iná

Ọkọ̀ kékeré yìí ń lo fólítì 12, irin méjèèjì ló sì ń gbé iná náà wá. Ti London gidi ní irin mẹ́rin: méjì fún táyà, méjì fún iná. Ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ní fólítì 420 lápá ròkè, ọ̀kan láàárín ní 210 lápá sísàlẹ̀, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 630. Ìdí tí wọ́n ò fi jẹ́ kí iná gba irin táyà padà ni pé irin ni wọ́n fi ṣe ara ihò. Iná tó bá jò sínú rẹ̀ máa ń jẹ irin náà àti páìpù omi tó wà nítòsí díẹ̀díẹ̀. Blue Line ti Èkó ń lo irin kẹta, fólítì 750.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má so wáyà iná NEPA mọ́ irin ìṣeré láé. Fólítì 12 nìkan. Àwa lo bátìrì ọ̀kadà fún ẹ̀rọ ìdarí wa torí pé a ò mọ̀ bóyá iná máa wà, a sì fi fíùsì sáàárín. Bí táyà bá yọ, ó lè so irin méjèèjì pọ̀, wáyà á gbóná kíá, ó sì lè jóná. Fíùsì ló ń gbani.

Tiwa ńkọ́?

Ní 1983, lábẹ́ Gómìnà Lateef Jakande, Èkó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí Metroline. Ìjọba ológun fagi lé e ní 1985. Ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 ni èrò tó wọ Blue Line láti Marina dé Mile 2, kìlómítà 13. Orí afárá ló gbà ní ọ̀pọ̀ ibi, kì í ṣe abẹ́ ilẹ̀. Ìbú irin rẹ̀ jẹ́ 1,435, nítorí náà ní 1:87 ó bá irin 16.5 mu rẹ́gí. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kọ́ gbogbo rẹ̀ láìgé kúrò, ẹ ó nílò mítà 149, ìyẹn pápá bọ́ọ̀lù kan àti àbọ̀. Ẹ yáa gé e kù!

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọkọ̀ wa yí po ìgbà mọ́kànlá láìyọ. Olùkọ́ kan bi àbúrò mi pé kí ló kan ọmọ Ore nínú ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ London. Ó ní, “Sà, kọ́nà kan náà ni.” Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó sì kọ 14 × 14 sójú pátákó.

Ẹ̀yin náà lè dán an wò láìní ọkọ̀ kankan. Ẹ gé páálí kan ní sẹ̀ǹtímítà 21, ẹ fi píìnì méjì gún un ní ibi tí táyà yẹ kó wà, ẹ ya kọ́nà sórí ilẹ̀, ẹ wá jẹ́ kí píìnì méjèèjì máa tẹ̀ lé ìlà náà. Ẹ fi báírò sàmì sí ibi tí ikùn àti orí páálí dé. Ibẹ̀ ni ògiri ihò yín ò gbọ́dọ̀ kọjá. Ẹ ṣe é kẹ́ ẹ tó ra páìpù.