Bàbá Ń Ṣe Barrolle, Ìyá Ń Ṣe IE: Yẹ̀yẹ́ Bọ́ọ̀lù Ní West Point

Àwa tí a dàgbà sí Ìbàdàn mọ bí ilé ṣe máa ń gbóná tí Shooting Stars bá fẹ́ pàdé Rangers ti Enugu. Kí rẹfirí tó fọn fèrè, ẹnu ti gbá bọ́ọ̀lù náà tán. Lọ́dún 1977, ọ̀mì ni ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjèèjì tí wọ́n fi wá ẹni tí yóò dé àṣekágbá ife ẹ̀yẹ Áfíríkà, pẹnáritì ni Rangers fi borí ní Kàdúná. Àwọn bàbá wa kò tíì gbà títí di òní.

Irú èyí ló wà ní Monrovia, olú ìlú Làìbéríà, láàárín Mighty Barrolle àti Invincible Eleven, tí wọ́n ń pè ní IE. Ẹ jẹ́ ká wo West Point, àdúgbò tó há sáàárín òkun àti odò Mesurado. Ilé onípáànù ló pọ̀ níbẹ̀, wọ́n sì fún mọ́ra débi pé tí ẹnì kan bá bú IE nínú yàrá rẹ̀, láti ilé kẹta ni èsì yóò ti wá.

Orúkọ àwọn ẹgbẹ́ náà gan-an ti tó ṣe yẹ̀yẹ́. Invincible Eleven ni mọ́kànlá tí ẹnikẹ́ni kò lè ṣẹ́gun. Tí wọ́n bá wá pàdánù ńkọ́? Mighty ní tirẹ̀ ni alágbára, ẹ̀yin náà sì mọ ohun tí Yorùbá ń pe alágbára tí kò mèrò.

Àmọ́ George Weah ló da àríyànjiyàn náà rú. Clara Town, ní òdìkejì odò sí West Point, ló dàgbà sí. Ó gbá bọ́ọ̀lù fún Barrolle, ó tún gbá a fún IE, kó tó gba Kamẹrúùnù lọ sí Monaco lọ́dún 1988. Lọ́dún 1995 ó gba Ballon d'Or, ọmọ Áfíríkà kan ṣoṣo tó tíì gbà á. Lọ́dún 2018 ó di ààrẹ. Ará Barrolle á ní àwọn ló kọ́ ọ ní ìrìn. Ará IE á ní, "Ó dé ọ̀dọ̀ yín, ó wò yín, ó sì kó ẹrù rẹ̀ wá sọ́dọ̀ wa." Kí lèèyàn fẹ́ fi dáhùn ìyẹn?

Ẹgbẹ́ ni wọ́n ń bú, wọn kì í bú ẹ̀yà. Ìlú tó jagun láti 1989 títí di 2003, tí wọ́n ti pa èèyàn nítorí èdè tó ń sọ, mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì. (Ó yẹ kí àwa náà mọ̀ ọ́n nígbà tí Shooting Stars bá pàdé Rangers.)

Ìgbà kan wà tí yẹ̀yẹ́ dákẹ́. Lóṣù kẹjọ 2014, nítorí Ebola, sọ́jà àti ọlọ́pàá sé gbogbo West Point mọ́ fún ọjọ́ mẹ́wàá. Rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀, ìbọn dún, ọmọdékùnrin kan kú. Wọ́n ti dá bọ́ọ̀lù dúró jákèjádò Làìbéríà. Kò sí ẹni tí wọ́n fẹ́ bú, kò sì sí ọ̀la tó dá wọn lójú tí wọn yóò fi lérí.

Bọ́ọ̀lù padà, àmọ́ Barrolle àti IE kò padà sí ipò wọn àtijọ́. Àwọn ẹgbẹ́ bíi LISCR àti Watanga ló wá ń gba ife lẹ́yìn wọn, Arsenal àti Chelsea sì ni àwọn ọmọ ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n. Ọmọ tí kò rí Barrolle rí á bi bàbá rẹ̀ pé kí ló dé tí òun àti ìyá kò lè dákẹ́ lórí ẹgbẹ́ méjì tí kò gba ife mọ́. Bàbá á fa àga sún mọ́ ọn, á bẹ̀rẹ̀ láti orí Weah. Láti ìdí ààrò, ìyá á ní, "Irọ́ ni. Sọ ibi tó lọ lẹ́yìn yín fún un."