Eruku Páànù Àsìbẹ́sítọ́ọ̀sì àti Awọ tí ó Yí Ọkàn Ká

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ó kọjá, bí a ti ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, a bá àwọn ọmọ kan níbi tí wọ́n ti ń fi òkúta lu àfọ́kù páànù àtijọ́. Ìyá wọn fẹ́ fi dí ẹrẹ̀ ẹnu ọ̀nà. Eruku ti bo orí àti imú wọn. A ní kí wọ́n dáwọ́ dúró. Inú bí ìyá náà, ó ní ṣé àfọ́kù páànù lásán ni a tún wá fi ń dí òun lọ́wọ́. Ó tọ́ kí a ṣàlàyé.

Àsìbẹ́sítọ́ọ̀sì kì í ṣe irin. Òkúta ni, inú ilẹ̀ ni a ti ń wà á, ṣùgbọ́n bí a bá fọ́ ọ, á ya sí fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú. Iná kì í jó o, ìdí nìyẹn tí àwọn ilé-iṣẹ́ fi pò ó mọ́ sìmẹ́ǹtì láti fi ṣe páànù, sílìn àti páìpù omi. Páànù rẹ̀ ní àwọ̀ eérú, ó nípọn, ó wúwo. Bí ó bá já lulẹ̀, á fọ́ bí àwo ni, kì í tẹ̀.

Ojú kò lè rí fọ́nrán wọ̀nyí nínú afẹ́fẹ́. Bí a bá fà wọ́n símú, wọ́n lè jókòó sínú ara títí ayé. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan bo ẹ̀dọ̀fóró wa, òmíràn bo ìfun, òmíràn yí ọkàn ká bí àpò. Inú awọ wọ̀nyí ni jẹjẹrẹ tí àwọn dókítà ń pè ní mẹsotẹliómà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ti ẹ̀dọ̀fóró ni ó pọ̀ jù. Ti ọkàn ṣọ̀wọ́n púpọ̀: nínú 100 ẹni tí ó ní mẹsotẹliómà, bóyá ni a ó rí ẹnì kan tí tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ni a mọ̀ pé ó fa eruku yìí símú rí.

Ní ọdún 1960, dókítà J. C. Wagner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Gúúsù Áfíríkà kọ ìwé nípa aláìsàn 33 tí jẹjẹrẹ yìí mú ní awọ ẹ̀dọ̀fóró. Àwọn kan nínú wọn kò wa òkúta náà rí. Ìtòsí ibẹ̀ ni wọ́n kàn gbé ní kékeré. Níbòmíràn, àwọn ìyàwó tí ń fọ aṣọ iṣẹ́ ọkọ wọn ni ó mú. Ó sì máa ń tó ọdún 20 sí 50 kí àìsàn náà tó jáde. Ọmọ tí ń fọ́ páànù lónìí á ti di òbí kí ó tó mọ̀.

Bí ó bá mú ọkàn, omi á gbá jọ sínú àpò náà, á sì fún ọkàn mọ́lẹ̀. Èémí á kúrú, àyà á máa dùn, ẹsẹ̀ lè wú. Àwọn dókítà lè fa omi náà, wọ́n lè ṣe iṣẹ́ abẹ, ṣùgbọ́n a kò tíì ní oògùn tí ó ń wò ó sàn. Kì í ran ẹlòmíràn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má torí èyí jókòó sílé pẹ̀lú ẹsẹ̀ wíwú, kí ẹ máa wá ẹni tí ó sa yín. Ikọ́ ife náà máa ń fa omi sí àpò ọkàn, òun ni ó sì wọ́pọ̀ jù láàárín wa. Ìyẹn ní oògùn, oṣù mẹ́fà ni a sábà máa ń lò ó. Ilé ìwòsàn nìkan ni ó lè sọ èyí tí ó jẹ́.

Páànù tí kò bàjẹ́ lórí ilé, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ má fi ayùn rẹ́ ẹ, ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á. Bí ó bá di dandan kí ẹ tú u, ẹ kọ́kọ́ sọ fún wa ní ọ́fíìsì. Omi ni a ó fi rin ín dáadáa, a ó sọ ọ́ kalẹ̀ lódindi, a ó fi ọ̀rá dì í, a ó sì rì í jìn níbi tí kò sí kànga, tí ẹnikẹ́ni kò ní kọ ebè sí. Ẹ má gbọn aṣọ tí ẹ fi ṣiṣẹ́ náà, inú omi ni kí ẹ kì í bọ̀ lọ́tọ̀.

Ìyá tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ bá wa da omi sí àfọ́kù tirẹ̀, a sì jọ rì í. Òkúta wẹ́wẹ́ etí odò ni ó fi dí ẹnu ọ̀nà rẹ̀.