Iyán Ọdún àti Ọjọ́ Ìpadà

Bí oṣù Kejìlá bá ti wọlé, tàbí tí Iléyá bá ku ọ̀sẹ̀ kan, àwọn ọmọ Èjìgbò tó ń gbé ní Àbíjáǹ, lórílẹ̀-èdè Ivory Coast, a bẹ̀rẹ̀ sí í dé sí ìlú wọn ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Bọ́ọ̀sì wọn á ti la Gánà, Tógò àti Benin kọjá, á ti dúró ní ẹnubodè mẹ́rin, kó tó já wọn sílẹ̀ tẹrù-tẹrù. Kò ní í pẹ́ tí èdè Faransé á gba ọjà kan, tí owó sẹ́fà á máa yí lọ́wọ́ bíi náírà, tí àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí àdúgbò Treichville tàbí Adjamé ní Àbíjáǹ á máa kúnlẹ̀, tí wọ́n á máa dọ̀bálẹ̀ fún àgbà tí wọn kò rí rí. Ìró odó kò sì ní í dákẹ́ nínú agbo ilé.

Nínú irú àwọn àlejò bẹ́ẹ̀ ni a ti máa ń rí oníṣòwò tí dókítà ti kìlọ̀ fún nípa ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó ti ń jí rìn láràárọ̀ fún oṣù bíi mélòó kan, ó ti dín ìrẹsì alẹ́ kù, ṣòkòtò rẹ̀ sì ti ń yọ̀ nídìí. Ó wá dé ilé ìyá rẹ̀. Iyán dé, ẹ̀gúsí dé, ẹran dé. Ta ni yóò dúró sọ fún ìyá tó ti wà nídìí odó láti àárọ̀ pé òun ń ṣọ́ ẹnu? "Ṣé ọbẹ̀ mi ò dùn mọ́ ni?" ni màmá máa fi dáhùn, ọ̀rọ̀ náà sì lè di ẹjọ́ tí wọ́n á gbé dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá.

Kí ó jókòó jẹ iyán rẹ̀. Ìmọ̀ ìlera fúnra rẹ̀ kò bá a jà lórí ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Ìsinmi tí a kò dá ọjọ́ ìparí fún ló máa ń ba iṣẹ́ jẹ́, pẹ̀lú ìyà àṣejù tí ènìyàn ń fi jẹ ara rẹ̀ nígbà tó bá fẹ́ padà.

Ní Èjìgbò, iyán kì í ṣe oúnjẹ lásán. Òun ni oúnjẹ ààyò Òrìṣà Ògìyán, orúkọ òrìṣà náà sì ni oyè tí ọba ìlú ń jẹ́. Ìtàn tí Pierre Verger, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó pẹ́ láàárín Yorùbá, gbà sílẹ̀ sọ pé babaláwo kan, Awoléjé, ọ̀rẹ́ Elééjìgbò tó jẹ́ ọba ìlú náà, dé láti ìrìn àjò tó sì fi orúkọ ìnagijẹ tó jẹ mọ́ iyán béèrè ọba. Wọ́n nà án, wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n, òjò sì kọ̀ láti rọ̀ fún ọdún méje. Láti fi tu ọ̀rẹ́ náà lójú ni ará àdúgbò Ìsàlẹ̀ Òṣolo àti ará àdúgbò Òkè Mapo ṣe ń fi àtòrì na ara wọn nígbà ọdún òrìṣà náà. Àṣà náà rékọjá òkun: ní Salvador lórílẹ̀-èdè Brazil, àwọn ilé ẹ̀sìn Candomblé ń ṣe ọdún odó fún Oxaguiã, ìyẹn Ògìyán. Ẹni tó bá wò ó dáadáa á rí i pé ọdún àwọn bàbá wa kò fi ẹnu nìkan ṣe. Wọ́n ń gún, wọ́n ń jó, wọ́n ń sáré, wọ́n ń jẹ ẹgba. Àwa tòde òní la yọ ìyókù kúrò, tí a fi ìjókòó sórí àga àti ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò rọ́pò rẹ̀.

Kí ni iyán yìí wá ń ṣe nínú ara? Kálórì ni wọ́n fi ń wọn agbára inú oúnjẹ. Gíráàmù 100 iṣu sísè ní nǹkan bíi kálórì 116, odó kò sì fi kún un. Iyán tó tó ìdajì kílò, tí ọ̀pọ̀ ọkùnrin lè jẹ tán lẹ́ẹ̀kan, sún mọ́ kálórì 600. Ọbẹ̀ ló yẹ ká bojú wò. Nǹkan bí ìdajì ẹ̀gúsí ló jẹ́ ọ̀rá, ṣíbí ìjẹun kan epo pupa sì tó nǹkan bíi kálórì 120. Ṣíbí epo márùn-ún ti bá odindi iyán náà dọ́gba, ìyá tó ń se ọbẹ̀ àlejò kì í sì í fi ṣíbí wọn epo.

Ẹni tó bá gun òṣùwọ̀n lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta lè rí i pé òun ti fi kílò méjì wúwo sí i. Kó má tíì pariwo. Kílò kan ọ̀rá inú ara dúró fún nǹkan bíi kálórì 7,700. Ẹni tó bá fẹ́ fi kílò méjì ọ̀rá kún ara ní láti jẹ kálórì tó lé ní 15,000 lórí èyí tí ara rẹ̀ ń lò, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta. Omi ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ara máa ń tọ́jú díẹ̀ nínú agbára iyán sínú ẹ̀dọ̀ àti iṣan, gíráàmù rẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì máa ń di omi tó tó gíráàmù mẹ́ta mọ́ra. Iyọ̀ àti magí inú ọbẹ̀ náà ń dá omi dúró sára. Bí oúnjẹ bá ti padà sí bó ṣe wà, omi yẹn á bá ìtọ̀ lọ.

Èyí tó jẹ́ ọ̀rá gidi kéré, àmọ́ kì í fẹ́ lọ. Susan Yanovski àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọn àgbàlagbà 195 ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì tẹ èsì wọn jáde ní ọdún 2000. Láti àárín oṣù Kọkànlá sí àárín oṣù Kìíní, ìpíndọ́gba ohun tó kún ara wọn kò ju kílò 0.37 lọ. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé nígbà tí ọdún tuntun ti wọra, ọ̀rá ọdún ṣì wà lára wọn. Ẹ wo ohun tí ìyẹn lè dà fún ẹni tó ṣe ọdún 20 báyẹn.

Àwọn onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, Rena Wing àti Robert Jeffery, tiẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ ní kí àwọn tó ń dín ìwúwo ara wọn kù dáwọ́ dúró. Wọ́n fẹ́ rí bí ènìyàn ṣe ń já ètò oúnjẹ rẹ̀ jù sílẹ̀. Àwọn kan sinmi fún ọ̀sẹ̀ méjì-méjì lẹ́ẹ̀mẹta, àwọn mìíràn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà léraléra. Ìrètí àwọn olùwádìí náà ni pé wọ́n á ṣubú. Wọn kò ṣubú. Nígbà tí àkókò pé, wọ́n padà sẹ́nu ètò wọn, nígbà tó sì yá, kò sí ìyàtọ̀ gúnmọ́ láàárín wọn àti àwọn tí kò sinmi rárá. Ọdún 2003 ni wọ́n tẹ èsì yìí jáde, ó sì ya àwọn fúnra wọn lẹ́nu.

Ìwádìí kan tún lọ jìnnà ju ìyẹn lọ. Nuala Byrne àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Australia kó ọkùnrin 51 tó sanra jọ. Apá kan dín oúnjẹ kù fún ọ̀sẹ̀ 16 láì dúró. Apá kejì ń dín in kù fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n á sinmi fún ọ̀sẹ̀ méjì, títí tí ọ̀sẹ̀ ìdínkù tiwọn náà fi pé 16. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2017 fi hàn pé àwọn tó ń sinmi fi nǹkan bíi kílò 14 sílẹ̀, àwọn tí kò sinmi fi 9 sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fi èyí bo àwo iyán kejì. Nígbà ìsinmi wọn, oúnjẹ tó tó gbé ara wọn ró ni wọ́n ń jẹ, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n sì ń wọ̀n ọ́n.

Ẹni tó ti Àbíjáǹ wá ní àǹfààní kan: ṣọ́ọ̀bù ń dúró dè é, ó mọ ọjọ́ tí òun máa padà. Ará ilé ni iṣẹ́ pọ̀ fún. Àlejò á lọ tán, ìsọmọlórúkọ á dé ní ọjọ́ Àìkú, ìgbéyàwó á dé ní Sátidé, ìsìnkú bàbá àgbà á tẹ̀ lé e, gbogbo rẹ̀ sì ní jọ̀lọ́ọ̀fù. Òun ló yẹ kó fi bírò yí ọjọ́ kan ká lórí kàlẹ́ńdà kí ọdún tó bẹ̀rẹ̀, kó sọ ọ́ létí aya tàbí ọkọ rẹ̀. Ká má gbàgbé àwọn obìnrin ilé pẹ̀lú. Àkókò tí àwọn ọkùnrin ń pè ní ìsinmi ni tiwọn ń gbóná jù: wọ́n ń pọn omi, wọ́n ń gúnyán, wọ́n ń fọ ìkòkò. Nígbà tí àlejò bá lọ tán ni ìyàwó ilé ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò oorun, kí ẹnikẹ́ni tó bá a sọ̀rọ̀ eré ìdárayá.

Eré ìdárayá náà ńkọ́? Ní 1984, Edward Coyle àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí àwọn eléré ìdárayá méje dáwọ́ dúró. Láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, agbára tí ara wọn fi ń lo afẹ́fẹ́ dín kù ní ìdá 7 nínú 100. Nígbà tó pé ọjọ́ 84, ó di ìdá 16. Ìdí nìyí tí ẹni tó ń sáré tẹ́lẹ̀ fi máa ń mí hẹlẹhẹlẹ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Agbára ìgbẹ́rù kì í tètè lọ bẹ́ẹ̀. Ọgbọ́n tó wà ńbẹ̀ ni kí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ jẹ́ ìdajì ohun tí à ń ṣe kí a tó sinmi: ẹni tó ń fi wákàtí kan rìn tẹ́lẹ̀ lè fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú bẹ̀rẹ̀, lójú ọ̀nà Masífà tàbí ní pápá ilé ìwé tó súnmọ́ ilé. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ìṣẹ́jú 150 ìdárayá tí kò le jù lọ́sẹ̀ tó fún àgbàlagbà, ìyẹn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú fún ọjọ́ márùn-ún. Ará Ọ̀ṣun kò ṣàjèjì sí èyí. Nígbà tí Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá jẹ́ gómìnà níbẹ̀, èrò máa ń tú jáde rìn nínú ètò tí wọ́n pè ní Walk to Live.

Ẹni tó bá rò pé eré nìkan máa gba òun kúrò lọ́wọ́ ikùn, kó gbọ́ ti Igbó-Ọrà. Amy Luke àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi obìnrin ìgbèríko níbẹ̀ wé obìnrin aláwọ̀ dúdú ní agbègbè Chicago. Ìpíndọ́gba ìwúwo ti Igbó-Ọrà jẹ́ nǹkan bíi kílò 58, ti Chicago lé ní 83. Àmọ́ agbára tí wọ́n ń lò lójúmọ́ fún iṣẹ́ àti ìrìn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Oúnjẹ ni àwọn olùwádìí náà tọ́ka sí: ti Igbó-Ọrà kún fún ohun oko, ọ̀rá àti ẹran rẹ̀ kò pọ̀. Nítorí náà, ìkòkò ọbẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ padà sí ìwọ̀n rẹ̀: epo dín kù, ẹ̀fọ́ pọ̀ sí i, iyán di ti ọ̀sán Àìkú. Rírìn ní iṣẹ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀, fún ọkàn, fún ẹ̀jẹ̀ ríru àti fún ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀.

Ohun kan kò sí nínú ìsinmi rárá. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti àtọ̀gbẹ kò gbọdọ̀ fún oògùn náà ní ọlidé, kó sì ra èyí tó máa tó o lò kó tó gbéra, nítorí ilé ìtajà oògùn tó mọ̀ lè wà ní títì lásìkò ọdún. Bí ẹsẹ̀ bá wú tí kò lọ, tàbí tí àyà ń dun ènìyàn nígbà tó ń rìn, ilé ìwòsàn ni kó gbà lọ lọ́jọ́ náà.