Àwo orin bàbá mi tí mo tà fún oníkọ́ńdẹ́ẹ̀mù

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, èmi fúnra mi ni mo jẹ̀bi ẹ̀. Lọ́dún 2016, bàbá mi lọ síbi ìsìnkú kan n'Íjẹ̀bú-Òde, mo wá ní kí n bá wọn tún yàrá wọn ṣe nílé wa tó wà ní Ìgándò. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni mo ti bá páálí méjì tí àwo orin kún inú wọn bámúbámú. Eruku ti bò wọ́n, aáyán sì ti jẹ etí páálí. Gírámafóònù tó ń gbé wọn kọrin ti dákẹ́ láti ìgbà tí mo ti wà ní pírámárì. Bí oníkọ́ńdẹ́ẹ̀mù ṣe ń lu irin kọjá níwájú ilé wa báyìí, mo pè é. Ẹgbẹ̀rún méjì àbọ̀ náírà ló kà fún mi, mo sì rò pé mo jèrè.

Alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni wọ́n dé. Wọn ò bú mi, wọn ò pariwo, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Wọ́n kàn jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ní, "Ofege ńkọ́? Ṣé ìyẹn náà wà níbẹ̀?"

Mo ní, "Dádì, mi ò mọ èyí tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀."

Ta ló ń jẹ́ Ofege? Ọmọ iléèwé girama St. Gregory's, l'Ọ́báléńdé, ni wọ́n nígbà tí wọ́n kó ara wọn jọ. Lọ́dún 1973 ni wọ́n gbé àwo wọn àkọ́kọ́, "Try and Love," jáde lábẹ́ iléeṣẹ́ EMI. Rọ́ọ̀kì ni wọ́n ń kọ. Ọdún yẹn kan náà ni ẹgbẹ́ BLO gbé "Chapter One" jáde. Lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ Berkley, Laolu àti Odumosu ni wọ́n fi sọ ara wọn lórúkọ. Kódà, 1973 náà ni Paul McCartney, tó ti wà nínú Beatles, wá gba ohùn orin sílẹ̀ ní Apápá. Ọmọ iléèwé ni bàbá mi nígbà náà, owó oúnjẹ ọ̀sán ni wọ́n ń tọ́jú tí wọ́n fi ra àwo wọn.

Àṣé ohun tí mo tà bí ẹní ta páálí yẹn, àwọn òyìnbó ń fi àtùpà wá a kiri. Lọ́dún 2008, Soundway, iléeṣẹ́ kékeré kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ṣa irú orin bẹ́ẹ̀ jọ sínú "Nigeria Rock Special." Lọ́dún 2016 tí mo hùwà òmùgọ̀ yẹn gan-an, Now-Again tó wà l'Ámẹ́ríkà gbé "Wake Up You!" jáde, Uchenna Ikonne, ọmọ Nàìjíríà, ló sì kọ ìtàn tó bá a rìn. Àwo Ofege àkọ́kọ́ tó bá mọ́ dáadáa lè tó ọgọ́rùn-ún dọ́là, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn iléeṣẹ́ aládàáni bẹ́ẹ̀ kì í tẹ àwo rẹpẹtẹ. Wọ́n á tẹ díẹ̀ ní pupa, díẹ̀ ní àwọ̀ ewé, díẹ̀ tó mọ́ gaara bíi gíláàsì. Tó bá ti tán, ó tán nìyẹn, òun ló fà á tí àwọn tó ń kó wọn jọ fi ń du ú mọ́ra wọn lọ́wọ́. Kò sí oògùn níbẹ̀ o. Rọ́bà tí wọ́n fi ń ṣe àwo ò dúdú látilẹ̀. Lẹ́búlẹ́bú bí èédú ni wọ́n ń pò mọ́ ọn tó fi ń dúdú. Tí wọ́n bá fi àwọ̀ mìíràn dípò ẹ̀, àwọ̀ náà ló máa jáde.

Ẹ̀gbọ́n mi kan tó wà ní London ra aláwọ̀ ewé kan bọ̀, orin Nàìjíríà ayé ọjọ́un ló wà nínú ẹ̀. Mo gbé gírámafóònù lọ bá alátùn-únṣe rédíò kan ní Ìkòtun, ó pààrọ̀ bẹ́líìtì àti abẹ́rẹ́ ẹ̀. Bí orin ṣe bẹ̀rẹ̀, bàbá mi ń fi ẹsẹ̀ lulẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ó tẹ́ mi lọ́rùn, mo ní, "Dádì, ṣé a ti parí ìjà nìyẹn?"

Wọ́n ní, "Ọmọ mi, a ò jà. Èyí dáa, ó tún rẹwà. Ṣùgbọ́n mo kọ orúkọ mi sẹ́yìn tèmi, mo kọ ọjọ́ tí mo rà á. Èmi àti màmá ẹ la jọ jó o níbi tí mo ti kọ́kọ́ rí i."

Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí màmá mi ti kú. Iléeṣẹ́ wo ló fẹ́ tún ìyẹn tẹ̀?

Torí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà l'Ẹ́gbẹ́dá, ní Ìkòtun àti níbi gbogbo, ẹ yẹ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì àwọn òbí yín wò. Tẹ́ ẹ bá rí àwo, ẹ nà wọ́n ró bí ìwé, ẹ má tò wọ́n léra wọn. Ẹ gbé wọn kúrò nínú oòrùn, etí ni kẹ́ ẹ máa dì mú. Ẹ wo orúkọ olórin àti nọ́ńbà tó wà láàárín kẹ́ ẹ tó dá owó lé e. Ju gbogbo ẹ̀ lọ, ẹ bi ẹni tó ni ín léèrè kẹ́ ẹ tó pe oníkọ́ńdẹ́ẹ̀mù. Èmi ò béèrè, mo sì ti rí i he.