Kéèkì Ìrẹsì Àwọn Ará Japan: Bí A Ṣe Ń Ṣe É, àti Ìdí Tí Tèmi Fi Fọ́

   

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹ̀yin náà lẹ ní kí n kọ ọ́. Gbogbo ẹni tó wá sípàdé oṣù tó kọjá ló mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo gbé abọ́ dé, mo ní mo ṣe ohun dídùn kan tí mo kọ́ ní London wá fún yín. Bí mo ṣe ní kí n fi ọ̀bẹ gé e, ó fọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ìyá Aláta ní ṣé iyanrìn ni mo fi ṣe é ni. Ẹ rẹ́rìn-ín, èmi náà bá yín rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, ẹ̀rín ò pa mí mọ́. Mo gbọ́ pé ọ̀kan nínú wa ti ra ìrẹsì tùwó kóńgò mẹ́wàá, pé ó fẹ́ lọ̀ ọ́ kó máa fi ṣe irú kéèkì yìí tà níwájú ilé ìwé. Owó àjọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ló fẹ́ ná lé e lórí. Ìyẹn ló jẹ́ kí n tètè mú bírò. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Lọ́dún 2023, ọmọ mi obìnrin tó wà ní London bímọ, mo sì lọ bá a wẹ ọmọ. Ìyá kan tó jẹ́ ará Japan ló ń gbé nínú ilé tó kángun sí tiwọn. Òyìnbó tèmi ò ju ti oníwèé mẹ́fà lọ, tòun náà ò fi bẹ́ẹ̀ já geere, ṣùgbọ́n ẹni méjì tó mọ oúnjẹ sè ò nílò ògbufọ̀. Lọ́jọ́ ìkómọ, ó gbé àwo kan wá kí wa. Ohun tó wà nínú rẹ̀ pupa rúsúrúsú, ó rọ̀, ó ń fà bí iyán tó kúnná. Ó dùn, èso kan sì wà nínú rẹ̀ tó ń ró kẹ́kẹ́ léyín. Mo ní kó kọ́ mi.

Ó ní irú oúnjẹ tó ń fà báyìí, mochi ni wọ́n ń pè é. Bí iyán ṣe rí lójú wa ni mochi ṣe rí lójú wọn, àgàgà nígbà ọdún. Tí ọdún bá ń parí lọ, wọ́n á rẹ ìrẹsì mọ́jú, wọ́n á fi ooru omi sè é, wọ́n á wá dà á sínú odó ńlá. Ọmọ odó tiwọn ò rí gbọọrọ bíi tiwa, bí òòlù onígi ló rí, ó sì ní ọwọ́ gígùn. Ẹnì kan á máa gún, ẹnì kejì á ki ọwọ́ bomi, á máa yí i padà nínú odó kí ọmọ odó tó tún balẹ̀. Tí àwọn méjèèjì ò bá gbọ́ra wọn yé, ọwọ́ ẹnì kan á rí i. Púpọ̀ nínú wọn kì í gún un ní ọjọ́ 29 oṣù Disẹ́ńbà, nítorí ẹẹ́sàn-án ń jẹ́ ku ní èdè wọn, ku kan náà ló sì ń jẹ́ ìyà. Wọ́n á ṣe méjì roboto, wọ́n á gbé kékeré lé ńlá, wọ́n á fi ọsàn lé e lórí, ó di ọjọ́ 11 oṣù Jánúárì kí wọ́n tó fọ́ ọ jẹ.

Èyí tí ìyá yẹn gbé wá ní tiẹ̀, kò gún un, ìyẹ̀fun ló fi ṣe é. Orúkọ rẹ̀ ni kurumi yubeshi. Ibi tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n ṣe jù ni agbègbè Tohoku, ní ìhà àríwá. Láyé àtijọ́, ọsàn kíkan kan tí wọ́n ń pè ní yuzu ni wọ́n fi ń ṣe yubeshi, òun ló fún un lórúkọ. Tohoku tutù ju ibi tí yuzu ti ń hù dáadáa lọ, èso kurumi ni wọ́n ní níbẹ̀, ni wọ́n bá fi rọ́pò. Wọ́n fẹ́ràn kurumi débi pé ní apá ibì kan ní Iwate, tí oúnjẹ bá dùn, wọ́n á ní ó ní adùn kurumi, kódà kó jẹ́ ẹja ni wọ́n ń jẹ.

Ó wá ku ìdí tí tèmi fi fọ́. Ìyẹ̀fun tí mo gbé bọ̀ láti London tán, mo bá lọ ìrẹsì tùwó, mo ní ṣebí ìrẹsì ni gbogbo ìrẹsì. Irọ́ ni. Sítáàṣì tó wà nínú ìrẹsì, oríṣi méjì ni. Ọ̀kan gùn gbọọrọ, wọ́n ń pè é ní amylose. Ìkejì ní ẹ̀ka yíká bí igi, ìyẹn ni amylopectin. Ìrẹsì tí a ń sè jẹ lójoojúmọ́ ní méjèèjì. Èyí tó gùn yẹn ló ń jẹ́ kí ìrẹsì gan tó bá ti tutù. Ìrẹsì tí wọ́n fi ń ṣe mochi, mochigome, ẹlẹ́ka yẹn nìkan ló fẹ́rẹ̀ẹ́ wà nínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń lẹ̀ mọ́ra tó sì ń fà. Òótọ́ ni pé tùwó ń lẹ̀ nígbà tó bá gbóná. Ẹ jẹ́ kó tutù ná, ẹ gbìyànjú àtigé e wẹ́wẹ́, ẹ ó rí ohun tí mo rí. Kò sí bí a ṣe lè ro ògì tí yóò fà bí iyán. Ẹ̀bi ọwọ́ mi kọ́, ẹ̀bi ohun tí mo fi ṣe é ni.

Nítorí náà, tí ẹ bá fẹ́ ra ìyẹ̀fun náà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Ṣáínà tàbí ará Japan, ẹ wo ara ọ̀rá rẹ̀. Tí wọ́n bá kọ mochiko tàbí shiratamako tàbí “glutinous rice flour” síbẹ̀, òun nìyẹn. Tó bá jẹ́ “rice flour” lásán, ẹ fi í sílẹ̀. Kì í ṣe pé àlìkámà wà nínú rẹ̀ o, lílẹ̀ tó ń lẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀.

Bí ìyá yẹn ṣe kọ́ mi nìyí. Tí ẹ ò bá ní òṣùwọ̀n, ẹ yá ti àwọn oníkéèkì.

Ìyẹ̀fun ìrẹsì tó ń lẹ̀, gíráàmù 200.
Ṣúgà pupa, gíráàmù 150.
Omi, mílílítà 300.
Omi sóyà dúdú oníyọ̀ tí wọ́n ń pè ní shoyu, ṣíbí ìjẹun kan.
Kurumi tí a ti pa, gíráàmù 80.

Ẹ kọ́kọ́ yan kurumi nínú páànù gbígbẹ lórí iná kékeré títí yóò fi máa ta sánsán, ẹ má jẹ́ kó jóná. Ẹ gé e wẹ́wẹ́. Ẹ yọ́ ṣúgà nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ da shoyu sí i, ẹ jẹ́ kó tutù. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa da omi yìí sórí ìyẹ̀fun, kí ẹ máa rò ó kó má ba à ní kókó. Tó bá ní, ẹ fi asẹ́ sẹ́ ẹ. Ẹ fi òróró díẹ̀ pa inú abọ́ pẹrẹsẹ, ẹ dà á sí i, kí ẹ gbé e sínú ìkòkò tí omi ti ń hó nísàlẹ̀ rẹ̀, bí a ṣe ń se mọ́ínmọ́ín. Ẹ fi aṣọ mímọ́ sábẹ́ ọmọrí kí omi má ba à máa kán sí i. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, tó bá ti ń ki, ẹ rò ó pọ̀, kí ẹ wá da kurumi sí i. Tí ẹ bá dà á sí i ṣáájú, gbogbo rẹ̀ á rì sísàlẹ̀ ni. Ẹ sè é sí i fún bíi ìṣẹ́jú 25, títí tí funfun ìyẹ̀fun ò fi ní sí láàárín rẹ̀ mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń kánjú, ẹ gbọ́ o: ẹ má gé e ní gbígbóná. Ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá, kódà kó di ọjọ́ kejì. Ẹ fi kinako bo ọwọ́ àti ọ̀bẹ yín, ẹ gé e, kí ẹ sì yí gbogbo ara rẹ̀ nínú kinako. Ẹ̀wà sóyà tí a yan, tí a fẹ́ èèpo rẹ̀, tí a lọ̀ kúnná ni kinako. Ìyẹn ò jìnnà sí wa. Ẹ má gbé kéèkì náà sí fíríìjì, yóò le. Ṣúgà inú rẹ̀ ló ń dá omi dúró tó fi ń rọ̀, ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ ṣún ṣúgà ná. Nínú ooru tiwa, ẹ jẹ ẹ́ tán kí ọjọ́ kejì tó pé.

Ẹni kan bi mí bóyá àsálà ni kurumi. Rárá o. Ọ̀tọ̀ ni igi rẹ̀, àsálà a sì máa korò lẹ́nu lẹ́yìn tí a bá jẹ ẹ́ tán. Tí ẹ ò bá rí kurumi, ẹ̀pà yíyan tàbí kajú ni kí ẹ lò. Kí ẹ sì máa béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ẹ fẹ́ fún jẹ bóyá èso báyìí ń bá a lára mu. Láti 2023 ni ìjọba Japan ti fi kurumi kún ohun tí dandan ni kí wọ́n kọ sára oúnjẹ tí wọ́n dì tà, nítorí àwọn tí kì í bá lára mu.

Ọ̀rọ̀ tó wúwo jù ni mo fi sẹ́yìn yìí. Ìyá ará Japan yẹn gé tiwa kékeré-kékeré bí ìka àtàǹpàkò, kò sì jẹ́ kí n fún ọmọ ẹ̀gbọ́n ọmọ tuntun, ọmọ ọdún méjì, ní ẹyọ kan. Mo rò pé ahun ni. Àṣé mochi máa ń há àwọn èèyàn lọ́fun pa. Bí ọdún tuntun bá ń bọ̀, àwọn panápaná Tokyo máa ń kìlọ̀ fún ará ìlú, nítorí ọdọọdún ni wọ́n ń gbé àwọn èèyàn tó há lọ́fun lọ sílé ìwòsàn, àwọn tó ti lé lọ́mọ ọdún 65 ló sì ń pọ̀ jù nínú wọn. Ìmọ̀ràn wọn ni pé kí a gé e kékeré, kí a fi tíì rẹ ọ̀fun ká tó jẹ ẹ́, kí a rún un kúnná, kí a má sì fi àgbà tàbí ọmọdé tó ń jẹ ẹ́ sílẹ̀ lóun nìkan.

Ẹ rántí pé lọ́jọ́ ìpàdé yẹn, Màmá wa àgbà, tí wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ló jókòó tì mí. Àwọn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ bù fún, ègé ńlá ni mo sì fẹ́ bù, nítorí ọ̀wọ̀. Eyín wọn ò tó nǹkan mọ́. Ká ní kéèkì yẹn lẹ̀ bó ṣe yẹ kó lẹ̀, kí là bá máa sọ lónìí? Mo dúpẹ́ pé ó fọ́. Ìtìjú sàn ju ẹkún lọ.

Sí àbúrò mi tó ra kóńgò mẹ́wàá: má sọkún, má sì da ìrẹsì rẹ nù. Rẹ ẹ́, lọ̀ ọ́, fi ìwúkàrà sí i, kó o fi dín máṣà. Ìrẹsì tùwó ni máṣà ń fẹ́, àwọn ọmọ ilé ìwé á sì rà á. Tí mo bá rí ìyẹ̀fun gidi rà, màá tún gbé abọ́ mi dé ìpàdé. Ìyá Aláta, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, ègé kékeré.

Ọjà á tà o.

Èmi ni akọ̀wé yín.